Bí Mo Ṣe Di Adití ní Mile 3

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì Ọ̀gá Chinda ní Mile 3, ní Port Harcourt, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí n tó la ẹnu. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ mi ní Ìkirè: ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àgbà, àyà rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Ọ̀gá Chinda wo ẹ̀yìn mi, ó wo abẹ́ tábìlì, òun náà bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ọwọ́ wá nǹkan kiri inú ìdọ̀tí ọ́ìlì.

"Wetin fall?" ló bi mí. "Na nut?"

Mo ní kò sí ohun tó bọ́, pé mò ń kí wọn ni. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá fà mí dìde, ó fi àkísà tó dọ̀tí ju àyà mi lọ nu àyà náà, ó wá sọ òfin kan ṣoṣo tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"My pikin, for here we no dey lie down. For here, talk. If you no sabi, talk. If I do wrong, talk. Engine no dey respect anybody."

Mo ní "Yes sir," mo sì tún tẹríba.

Alùpùpù ọ̀kadà ni mo mọ̀ ọ́n tún ṣe láti ilé, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní ju kábúrétọ̀ kan lọ. Àwọn tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù yìí yàtọ̀. Àwọn alùpùpù ńláńlá tí wọ́n ń pè ní páwà báìkì ni, kábúrétọ̀ mẹ́rin tò lára ẹ́ńjìnnì wọn bí ọmọ ilé-ìwé lórí ìlà. Kábúrétọ̀ ló ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò bá fa afẹ́fẹ́ dọ́gbadọ́gba, ọ̀kan á máa sáré, ọ̀kan á máa ṣọ̀lẹ, alùpùpù á máa gbọ̀n. Nígbà míì, ẹni tó ń gùn ún á jọ̀wọ́ iná tó ń fi ọwọ́ yí, ẹ́ńjìnnì kò sì ní fẹ́ wálẹ̀, eré náà ni á ṣì máa sá.

Etí ni Ọ̀gá Chinda fi ń tún un ṣe. Rọ́bà tínrín kan ló ní, tó ti dúdú fún ìlò. Á ki ẹnu kan bọ etí, á gbé ẹnu kejì síwájú kábúrétọ̀ kọ̀ọ̀kan, á dijú. Èyí tó bá ń fà jù á máa hó ṣììì, èyí tó ń ṣọ̀lẹ á máa mí jẹ́jẹ́. Á wá máa yí síkúrù díẹ̀díẹ̀ títí ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á fi ṣe ọ̀kan. Láti Trans-Amadi dé Rumuolumeni, àwọn oní páwà báìkì kò mọ ẹlòmíì.

Ó kọ́ mi pé ẹ̀kẹta kò ní síkúrù tirẹ̀. Ẹ̀kẹta ni onílé, àwọn yòókù ni a ń yí títí wọ́n á fi bá a dọ́gba. "That one no dey move for anybody," ló wí. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Èmi náà ní síkúrù lára nígbà yẹn, ojoojúmọ́ sì ni Port Harcourt ń yí mi.

Nílé wa, ẹ̀pà la fi ń jẹ bọ̀ọ̀lì. Níbí, ẹja yíyan àti ata tó pọ́n roro ni wọ́n gbé e fún mi pẹ̀lú, mo sì ń wá ẹ̀pà kiri inú abọ́. Wọ́n ń pè mí ní Ofe Mmanu, pé àwa Yorùbá, òróró ló kún inú ọbẹ̀ wa. Mo ti rò pé Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ tí mo gbọ́ á gbà mí, àṣé Pijin wọn ń sáré ju ọ̀kadà lọ. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má baà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò yé mi. Inú mi máa ń bàjẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Èèyàn lè wà láàárín ọ̀pọ̀ èrò kó máa rẹ́rìn-ín, kó sì dá wà.

Lọ́sàn-án Ọjọ́ Ìsinmi, màá lọ sábẹ́ agboòrùn àwọn tó ń ta ìpè, lódìkejì ṣọ́ọ̀bù wa gan-an, màá pe fóònù aládùúgbò ìyá mi. Ọ̀gá á ti wà lórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn, á máa wo títì.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Màámi."

"Ṣé wọn ò fìyà jẹ ọ́ níbẹ̀?"

"Rárá, Màámi. Ọ̀gá mi dáa gan-an ni."

N kò purọ́ fún un. Inú ọgbà ilé Ọ̀gá ní Diobu, àdúgbò ṣọ́ọ̀bù wa, ni mo ń sùn. Nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀, òun ló jókòó tì mí, tó ń fi agídí rọ̀ mí láti mu ẹ̀kọ, bẹ́ẹ̀ kò gbọ́ èdè mi, n kò sì gbọ́ tirẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti sọ lọ́kàn mi pé baba mi ni.

N kò lè sọ ìgbà tí mo kọ́kọ́ fura sí etí Ọ̀gá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi rọ́bà sí etí ọ̀tún nìkan. Wọ́n á bi í léèrè píláàgì, á fi bíréèkì dá wọn lóhùn. Bó bá ní kábúrétọ̀ ti dọ́gba, èmi á gba rọ́bà bí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, màá sì gbọ́ pé kò tíì dọ́gba. Màá dákẹ́. Tó bá ti lọ jẹun, màá yí síkúrù náà síbi tó yẹ. Kò sẹ́ni tó mọ̀, èmi náà kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí ṣáá pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí oníbàárà kò ní dúró kí Ọ̀gá lọ jẹun.

Ọjọ́ náà dé pẹ̀lú Tonye. Ọmọ Amadi-Ama ni Tonye, oníbàárà wa. Bí wọ́n bá ń gbé òkú èèyàn pàtàkì lọ sílé ní Port Harcourt, páwà báìkì ló ń ṣáájú, wọ́n á máa pariwo, wọ́n á máa dárà. Tonye ló máa ń wà níwájú pátápátá, á máa rìn díẹ̀díẹ̀ láàárín èrò tó ń jó, pósí á máa bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọjọ́ kejì ni wọ́n fẹ́ sin àbúrò baba rẹ̀.

"Oga, if I leave hand, e no dey come down," ló wí. "E be like say e wan carry me go by force."

Ọ̀gá mú rọ́bà. Ó dijú, ó tẹ́tí, ó yí síkúrù, ó tún tẹ́tí. Òógùn ń bọ́ láti iwájú orí rẹ̀ sórí ẹ́ńjìnnì. Nígbà tó yá, ó nàró, ó ní, "E don set. Carry am go."

Mo gba rọ́bà. Ẹ̀kíní dára. Ẹ̀kejì dára. Ẹ̀kẹta, onílé, ń mí bó ṣe yẹ. Mo gbé e dé ẹ̀kẹrin, ó hó mọ́ mi létí débi pé mo fà sẹ́yìn.

Tonye ti ń de akoto mọ́rí.

Mo wo Ọ̀gá, mo wo Tonye. Àwọn mẹkáníìkì ṣọ́ọ̀bù kejì dúró síbẹ̀, oníbàárà sì wà lórí bẹ́ǹṣì. Òfin ṣọ́ọ̀bù ni pé kí n sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Bí mo bá ní etí Ọ̀gá kò ṣiṣẹ́ mọ́, kílẹ̀ tó ṣú gbogbo Diobu á ti gbọ́, ta ló sì máa gbé alùpùpù wá fún adití pé kó fi etí tún un ṣe? Bí mo bá dákẹ́, Tonye á jọ̀wọ́ iná lọ́la láàárín èrò, alùpùpù kò ní gbọ́ tirẹ̀, àwọn tó ń jó níwájú rẹ̀ ni yóò tẹ̀ mọ́lẹ̀. Tonye ti fẹ́ gun alùpùpù náà kí ọ̀rọ̀ kan tó jáde lẹ́nu mi, kì í sì í ṣe èyí tí mo ti múra sílẹ̀.

"Oga, abeg make e wait! My ear don block. I put rubber, I no hear anything."

Ọ̀gá ní, "You no hear?"

"I no hear, sir. No be today e start. I dey fear to talk am."

Tonye yọ akoto. "So na deaf man dey touch my machine since?"

"Abeg, Oga," mo wí, "I wan use eye see wetin you don use ear set, make I fit learn. E no go tey."

Ọ̀gá wò mí, ó wò mí pẹ́. N kò mọ ohun tó wà lójú rẹ̀. Mo ṣáà ń bẹ Ọlọ́run pé kó má bi mí léèrè kankan mọ́.

"Do am," ló wí.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ro ohun tí mo fẹ́ ṣe náà. Mo sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù olóògùn, mo ra rọ́bà tí wọ́n fi ń fa omi sí aláìsàn lára, èyí tí èèyàn lè rí inú rẹ̀. Mo kan mẹ́rin mọ́ pákó lóòró, mo so ẹsẹ̀ wọn pọ̀ nísàlẹ̀, mo bu ọ́ìlì tó mọ́ sínú wọn dé ìdajì. Mo wá fi orí ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ ihò kékeré tó wà lọ́rùn kábúrétọ̀ tirẹ̀. Kábúrétọ̀ tó bá ń fà jù, ọ́ìlì tirẹ̀ ni yóò gòkè jù.

Wọ́n tan ẹ́ńjìnnì. Kí n tó ṣẹ́jú, ẹ̀kẹrin ti fa gbogbo ọ́ìlì náà mu. Èéfín funfun bò wá, a kò rí ara wa mọ́.

"Ofe Mmanu don cook soup for engine!" ẹnì kan pariwo, ẹ̀rín sì sọ.

Tonye kò rẹ́rìn-ín. Ó tì mí sẹ́yìn, ó di alùpùpù rẹ̀ mú. "Comot body! You wan kill my machine!" Ọ̀gá gbé ọwọ́ lé e láyà, ó ní, "Leave am."

Mo fi wáyà fún ọrùn rọ́bà kọ̀ọ̀kan pọ̀ díẹ̀ kí ọ́ìlì má lè sáré mọ́, mo tún bu òmíràn sí i. Wọ́n tún tan ẹ́ńjìnnì. Ọ́ìlì gòkè jẹ́jẹ́, ó dúró. Mẹ́ta wà nítòsí ara wọn. Ẹ̀kẹrin ga fíofío lọ sókè, ojú gbogbo ayé ń wò ó.

Mo gbọ́ tí ẹnì kan ní, "Ah-ah, but Oga talk say e don set."

Mo yára pariwo pé èmi ni. Mo ní ọwọ́ mi ló kan síkúrù nígbà tí mò ń so rọ́bà, mo ti ba iṣẹ́ Ọ̀gá jẹ́. Tonye pòṣé, ó bú mi dé ìdílé. Ọ̀gá Chinda mú síkúrúdíráfà, ó bẹ̀rẹ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lára pákó. Bó ṣe ń yí síkúrù ni ọ́ìlì ẹ̀kẹrin ń sọ̀kalẹ̀, títí ó fi bá ti onílé dọ́gba. Ó fún ẹ́ńjìnnì níná, ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sí Amadi-Ama. Kò sẹ́ni tó pè mí. Mo dúró lẹ́bàá títì títí mo fi gbọ́ ìró wọn. Tonye ló ṣáájú lóòótọ́. Obìnrin kan ń fẹ̀yìn jó níwájú rẹ̀, ó ń ju aṣọ ìnujú sókè, ó kọsẹ̀, ó ṣubú síwájú táyà. Tonye jọ̀wọ́ iná, ó tẹ bíréèkì. Ohùn ẹ́ńjìnnì já wálẹ̀, alùpùpù náà sì dúró. Obìnrin náà dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó ń jó lọ. Èrò kò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan fẹ́ ṣẹlẹ̀. Èmi ni mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀.

Láti ọjọ́ Ajé ni orúkọ mi ti yí padà. Ofe Mmanu pòórá, Deaf ni mò ń jẹ́. Àwọn oníbàárà á máa fọwọ́ júwe fún mi. Wọ́n á dúró sẹ́yìn mi, wọ́n á máa bú mi láti wò bóyá màá yíjú, n kì í sì í yíjú. Ó dùn mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Àwọn kan ní kí Deaf má fọwọ́ kan alùpùpù àwọn, pé àkísà nìkan ni kó máa fọ̀. Ibi tí mo ti fẹ́ kí wọ́n mọ̀ mí sí ọmọ tó mọṣẹ́, ibẹ̀ ni mo ti di ẹni àánú. Ọ̀gá kàn ń gbé pákó náà fún mi nígbàkígbà tó bá fi rọ́bà gbọ́ tirẹ̀ tán.

Agùnbánirọ̀ kan tó wá láti Ìkirè gbọ́ ìròyìn náà, ó gbé e dé Ìkirè kí n tó pe ilé. Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo pe ìyá mi, igbe ló fi gba fóònù.

"Ọmọ mi! Ṣé ò ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́ yín, Màámi."

"Wọ́n ní o ti dití!"

"N kò dití, Màámi. Ẹ má sunkún."

Ó wá fi ẹ̀tàn bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ tó ń sọ ohun tí mò ń sọ fún ọ?"

Ẹ̀rín pa mí, omi sì bọ́ lójú mi. Ó ní kí n máa bọ̀ nílé, pé ìlú tó gba etí ọmọ kò ní pẹ́ gba orí rẹ̀. N kò lè ṣàlàyé fún un. Ọ̀rọ̀ tí ìyá mi bá gbọ́, agùnbánirọ̀ á gbọ́, Mile 3 á sì gbọ́. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo ṣáà ń sọ fún un pé ara mi le. Lódìkejì títì, Ọ̀gá jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, ó ń wo ọ̀ọ́kán.

Ọdún gorí ọdún. Ọ́ìlì kì í purọ́, nítorí náà àwọn oníbàárà padà wá. Àwọn mẹkáníìkì tó ń fi mí ṣẹ̀sín bẹ̀rẹ̀ sí í yá pákó mi. Nígbà tí ìjọba lé ọ̀kadà kúrò ní títì, tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tì pa, tiwa ṣì ń mí. Ìgbà yẹn ni Ọ̀gá ní ó tó gẹ́ẹ́, òun fẹ́ lọ sinmi nílé wọn ní Rumuolumeni.

Ó pè mí sórí bẹ́ǹṣì lọ́sàn-án Ìsinmi kan, ó ní kí n jókòó sápá ọ̀tún òun.

"You wey be deaf," ló wí, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Every Sunday I dey siddon here dey look you. You dey hold phone, you dey laugh before your mama finish talk. Which kain deaf be that?"

Ó fa etí mi jẹ́jẹ́ bí ẹni ń bá ọmọdé ṣeré.

"I tell you say for here, talk. You no gree talk." Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká. "God bless you."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ ọ́ìlì náà pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi. Lọ́tẹ̀ yìí, Ọ̀gá kò wá nǹkan kan lábẹ́ tábìlì.

Ó ti lọ báyìí. Èmi ni mo wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Páwà báìkì ìsinsìnyí kò ní kábúrétọ̀ mọ́, kọ̀ǹpútà ló ń bu epo fún wọn, ṣùgbọ́n àwọn àtijọ́ kan ṣì ń yọjú. Bí èèyàn bá bi mí ibi tí mo ti wá, màá ní Ìkirè. Bí mo bá dé Ìkirè, wọ́n á ní ará Port Harcourt dé. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀ mọ́. Mo ń jẹ bọ̀ọ̀lì pẹ̀lú ẹja, mo sì tún ń ra ẹ̀pà lọ́tọ̀.

Ọmọ mi obìnrin, Ìretí, ń kọ́ nípa ẹ́ńjìnnì nílé-ẹ̀kọ́ gíga, ó sì máa ń wá bá mi ṣiṣẹ́ ní Sátidé. Diobu la bí i sí. Yorùbá rẹ̀ ń tiro, orúnkún rẹ̀ kì í sì í kan ilẹ̀ tó bá ń kí àgbà. Ìyá mi ti darúgbó gan-an, ó ti ní fóònù tirẹ̀. Mo ti sọ òtítọ́ fún un tipẹ́, ó sì fi rẹ́rìn-ín títí. Ní báyìí, bí mo bá ní kó tún ọ̀rọ̀ sọ, á ní, "O tún ti bẹ̀rẹ̀, ìwọ tí o tan gbogbo Port Harcourt." Mo ní fóònù ló burú. Mo pààrọ̀ fóònù, tuntun náà tún burú.

Sátidé tó kọjá, ọkùnrin kan gbé alùpùpù àtijọ́ kan wá, oní kábúrétọ̀ mẹ́rin. Ó dúró tì wá lórí, ó ń kánjú. Mo mú rọ́bà Ọ̀gá, mo dijú, mo yí síkúrù títí ó fi tẹ́ mi lọ́rùn. Mo ní ó ti dára. Ìretí gba rọ́bà lọ́wọ́ mi, ó fi sétí, ó gbé e kiri títí dé ẹ̀kẹrin. Ó wo ojú mi, ó wo ọkùnrin náà.

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ló wí. "Etí mi ti block o. I no hear that number four at all. Ẹ jẹ́ ká fi pákó wò ó."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Small girl like you, ear don spoil?"

Ìretí tẹríba, ó ní, "Yes, sir."

Ọmọ yìí máa ń gbọ́ ìró fóònù rẹ̀ láti òdìkejì títì. N kò sì sọ ìtàn yìí fún un rí. Mo ká rọ́bà náà, mo fi í sápò, mo ní kó lọ gbé pákó wá.